Ogun Àwítẹ́lẹ̀: Ìparun Ìlú Odi ní 1999 àti Ìbéèrè Ta Ni Ó Jẹ̀bi

Ìfáárà

Òwe kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì fi kọ́ ọmọ rí: ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nínú kíláàsì, ìtumọ̀ tí a sáábà ń fún un kò ju pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè múra de ìdánwò. Ṣùgbọ́n òwe ogun ni, ẹrù méjì ni ó sì dì. Ó di ẹrù ìsá ru arọ. Ó di ẹrù ìkìlọ̀ ru ẹni tí ń gbé ogun bọ̀. Bí ẹni tí ó gbé ogun wá kò bá wí tẹ́lẹ̀, tàbí tí ó dá ọjọ́ kan tí ó sì dé kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí ẹni tí ó lè bá arọ wí mọ́ pé kò gbọ́n.

Ìlú Odi ni a fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò. Odi jẹ́ ìlú àwọn Ijaw ní etí odò Nun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kolokuma/Opokuma, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1999, àwọn sójà Nàìjíríà wọ ìlú náà. Nígbà tí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀, ilé ìfowópamọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan àti ilé ìtọ́jú aláìsàn ni ó ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Gbogbo ilé yòókù ti jóná tàbí kí ó ti wó.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀ràn àwọn Ijaw. Ó kàn wá. Ọmọ Yorùbá ni Ààrẹ tí ó wà lórí àlééfà nígbà náà, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àwọn Ijaw kò sì yéé béèrè bóyá báyìí náà ni ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ ìlú Yorùbá ni. Yàtọ̀ sí èyí, àwa ni a ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ irú ọ̀ràn báyìí. Bí a bá fa àyọkà yọ nínú ìwé ìròyìn fún ìdánwò àkàyé, tí àyọkà náà sì pe gbogbo ará ìlú kan ní jàǹdùkú, a ti dá ẹjọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ohun tí ó ṣáájú

Kì í ṣe 1999 ni ìjọba kọ́kọ́ sun ìlú ní agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895, Ọba Koko ti Nembe kó àwọn jagunjagun rẹ̀ lọ kọlu ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ní Akassa, nítorí pé kọ́ńpìnnì náà ti fi òfin àti owó orí ọjà dí ọ̀nà òwò epo pupa mọ́ àwọn ará Nembe. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ẹrú. Kí oṣù kejì ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú odò, wọ́n sì ti dáná sun Nembe. Ìpínlẹ̀ Bayelsa ni Nembe àti Akassa wà lónìí. Irú ìkọlù báyìí kò ṣàjèjì sí àwọn òyìnbó ìgbà náà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Bìní ní 1897 kò yàtọ̀. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ìlú kan ni ó ṣẹ̀, ìlú kan ni yóò jìyà, kò sì sí ìdí láti wá ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ gan-an.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀ràn 1895 tí ó yẹ kí a sàmì sí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sun Nembe tán, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Sir John Kirk wá ní ọdún yẹn kan náà láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú àti ti kọ́ńpìnnì. Ìwádìí náà kò dá Ọba Koko padà sórí oyè, ìgbèkùn ni ó kú sí. Ṣùgbọ́n a kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀, ó sì wà fún òpìtàn títí di òní. Àwọn ará Odi kò rí irú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 1999 lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa láti wádìí ìwà títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 títí dé ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni a ní kí ó yẹ̀ wò. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a búra fún Ọbásanjọ́ gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ. Ẹjọ́ Odi kò bọ́ sí àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Láàárín ọdún 1895 àti 1999, a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956. Láti ìgbà náà ni owó ti ń jáde láti inú ilẹ̀ àwọn Ijaw tí omi mímu wọn sì ń bàjẹ́. Isaac Boro gbé ìbọn ní oṣù kejì ọdún 1966, ó sì kéde ìjọba tirẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá. Ní 1990, àwọn ará Umuechem ní ìpínlẹ̀ Rivers wọ́de ìfẹ̀hónúhàn; Shell ké sí ọlọ́pàá; àwọn ọlọ́pàá náà pa nǹkan bí 80 ènìyàn, wọ́n sì ba ilé 495 jẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ijaw péjọ ní Kaiama, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Odi, wọ́n sì kéde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ epo dáwọ́ dúró títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ ta ni ó ni ilẹ̀.

Ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó péjọ ní Kaiama ni ó gbé ìbọn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé ìbọn ni ó ń jà fún ilẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní ajìjàgbara ti ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ẹni tí ó sì pe gbogbo wọn ní olè ti ṣi ọ̀rọ̀ lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí kò pé

Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1999, àwọn ọ̀dọ́ tí ó dìhámọ́ra pa ọlọ́pàá méje ní ìtòsí Odi. Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún pa márùn-ún sí i. Ọlọ́pàá 12 kì í ṣe eṣinṣin. Wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ, iṣẹ́ ni a rán wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ ìtàn Odi tí ó fò wọ́n dá, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 20, ń dá ẹjọ́ apá kan, a sì mọ ohun tí àwọn àgbà ń pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Ààrẹ kọ lẹ́tà sí gómìnà Bayelsa, Diepreye Alamieyeseigha. Ó fún un ní ọjọ́ 14 láti mú àwọn apànìyàn náà. Bí kò bá rí wọn mú, Ààrẹ yóò kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà yìí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni kókó ọ̀ràn wà.

Ta ni a ní kí ó mú apànìyàn? Gómìnà ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ Ààrẹ ni ọ̀gá wọn pátápátá sì ti ń gba àṣẹ. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ lè ní kí gómìnà dúró ná, kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ọlọ́pàá ni ó ń ní kí ẹni tí kò ní ọlọ́pàá lọ mú ọ̀daràn, àwọn ọlọ́pàá tí ì bá lọ mú wọn ni a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa.

Kí ni a ní yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá pé? Ìjọba pàjáwìrì ni. Èyí náà ní ìlànà tirẹ̀ nínú òfin: Ààrẹ yóò kéde rẹ̀, yóò sì mú un lọ síwájú àwọn aṣòfin, àwọn ni yóò fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. A kò kéde rẹ̀. Sójà ni a rán.

Ìgbà wo ni ọjọ́ 14 láti ọjọ́ 10 yóò pé? Ọjọ́ 24 ni. Ọjọ́ 20 ni sójà wọ Odi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Níhìn-ín ni òwe arọ ti bá ìtàn pàdé. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ nínú àwọn ará Odi ti gbọ́ fìrí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti wọ inú igbó àti ojú omi lọ. Àwọn tí ó jẹ̀bi gan-an, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀nà inú igbó ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni ó kù sílé? Arúgbó ni, àti aláìsàn, àti ẹni tí ó rò pé òun ṣì ní ọjọ́ mẹ́rin. Bí ogun bá wí ọjọ́ tí ó sì yẹ ọjọ́, ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ di ọ̀kan náà níwájú rẹ̀. Kódà ẹni tí ó gba ìkìlọ̀ gbọ́ ni ó wà nínú ewu jù, nítorí ìkìlọ̀ náà ni ó dá a dúró.

Mínísítà fún ètò ààbò, Ọ̀gágun Theophilus Danjuma, ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí a pè ní Hakuri Kejì ni àwọn sójà náà ń ṣe, àti pé láti dáàbò bo ẹ̀mí àti dúkìá ni, pàápàá ọ̀pá epo àti àwọn ilé iṣẹ́ epo. Ìjọba tún ní àwọn ọ̀dọ́ náà ni ó kọ́kọ́ yìnbọn. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ènìyàn bá yìn sí sójà kò lè jẹ́ àlàyé fún ilé tí a finá sí ní òpin ìlú kejì, ní ilé lẹ́yìn ilé. Iná tí ó bá ara rẹ̀ ràn kì í mọ ilé ìfowópamọ́ yàtọ̀ sí ilé opó. Iná Odi mọ̀ ọ́n.

Iye òkú

Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ènìyàn 43 ni ó kú, ó ní sójà mẹ́jọ wà nínú wọn. Nnimmo Bassey, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Environmental Rights Action, sọ pé àwọn ará ìlú tí a pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,500. Human Rights Watch, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1999, sọ pé ó dájú pé ọ̀pọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ènìyàn tí kò dìhámọ́ra ni sójà pa, àti pé bí ẹnìkan bá ní wọ́n tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́.

Àwa fara mọ́ ti ẹ̀kẹta yìí. Kì í ṣe nítorí pé ó wà láàárín, nítorí òtítọ́ kì í fi dandan gbé àárín ọ̀nà, bí kò ṣe nítorí pé òun nìkan ni ó ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́. Ìdí pọ̀ tí kíka òkú Odi fi ṣòro. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ti sá lọ, a kò sì lè fi ẹni tí kò tíì padà ka òkú, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi í ka alààyè. Ilé tí ó jóná jó pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn sójà ni ó sì wà nínú ìlú ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kíkà ì bá rọrùn. Nígbà tí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Chuba Okadigbo, kó àwọn aṣòfin lọ wo Odi, ó sọ pé kò sí ìdí fún ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí kò sí ẹni tí àwọn yóò bá sọ ọ́.

A ti rí i pé iye òkú ni àríyànjiyàn irú èyí máa ń dúró lé lórí. Bí ó ti rí ní Baga ní ìpínlẹ̀ Borno ní oṣù kẹrin ọdún 2013 náà nìyẹn, nígbà tí àwọn ológun ní ènìyàn 37 ni ó kú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ agbébọn Boko Haram, tí àwọn ará ìlú ní wọ́n lé ní 180. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan. Ẹni tí ó ní 37 ń sọ pé àwọn agbébọn ni a lọ bá jà. Ẹni tí ó ní 180 ń sọ pé ìlú ni a lọ bá jà. Olùkọ́ tí ó bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà tí iye kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan láìmọ̀.

Àríyànjiyàn ọdún 2012

Fún ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ Odi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àwọn ará Odi nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni ó tún jáde sí gbangba, ẹni tí ó sì fà á jáde ni Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ní Warri, ó dá Ààrẹ Goodluck Jonathan lẹ́bi pé ó ń fà lẹ́yìn lórí Boko Haram, ó sì tọ́ka sí bí òun ti ṣe nígbà tirẹ̀ ní Odi. Jonathan fèsì lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ Bayelsa ni Jonathan, igbákejì gómìnà ni ó sì jẹ́ ní 1999. Ó wà lára àwọn tí ó wọ Odi lẹ́yìn tí sójà ti lọ. Ó ní òkú tí àwọn bá níbẹ̀, ti àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé ni, pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ agbébọn náà níbẹ̀, àti pé ogun Odi kò yanjú wàhálà agbègbè náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti bá Ọbásanjọ́ ṣiṣẹ́ rí dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn pé ó yanjú rẹ̀, nítorí pé pípa ọlọ́pàá àti sójà dúró lẹ́yìn náà.

Ìtàn kò ti ẹni ìkẹyìn yìí lẹ́yìn. Láti 2006 ni ẹgbẹ́ MEND ti ń fọ́ ọ̀pá epo, tí wọ́n ń jí òyìnbó epo gbé, tí wọ́n sì ń bá sójà jà, títí ó fi di 2009 tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua fi ìdáríjì lọ̀ wọ́n. Owó àti ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ó gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. A lè ní ìbẹ̀rù wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn Odi; a kò lè ní àlàáfíà wà.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà ní àbùkù kan tí àwọn oníwèé ìròyìn kò sọ. Bóyá ó ṣiṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ń jiyàn lé lórí. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ṣé bí pípa arúgbó bá mú kí ọ̀dọ́ sọ ìbọn sílẹ̀, pípa arúgbó ti di ohun tí ó tọ́? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú, Jonathan nìkan ni ó sì sún mọ́ ọn díẹ̀, nígbà tí ó mẹ́nu kan irú òkú tí ó rí.

Ẹ̀bi

Àwọn kan ní ará ìlú Odi ni ó jẹ̀bi ara wọn, nítorí pé wọ́n mọ àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n sì dákẹ́. Òwe wà fún èyí, gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti gbọ́ kí ènìyàn fi òwe yìí gbe ìparun ìlú lẹ́yìn. Àṣìlò ni. Ohun tí òwe náà sọ ni pé ìdákẹ́ wa yóò pa oorun wa. Kò sọ pé kí ará ìta wá dáná sun ilé nítorí kòkòrò. Lọ́nà kejì, sísọ fún ẹni tí ń jẹ kòkòrò yàtọ̀ sí sísọ fún ẹni tí ó di ìbọn mú. Àwọn tí ó pa ọlọ́pàá 12 kò ní ka ìyá arúgbó kún bí ó bá la ẹnu.

Ti àwọn sójà ńkọ́? Wọ́n lè sọ pé iṣẹ́ ni a rán àwọn. Àṣà wa ti ní ìdáhùn sí èyí kí àwọn adájọ́ òyìnbó tó ní in: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. A gbà pé ìránṣẹ́ ní ọgbọ́n orí tirẹ̀, pé ọ̀nà tí yóò gbà jẹ́ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ológun pàápàá mọ èyí. Ní oṣù keje ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gágun Yakubu Gowon fún àwọn ọmọ ogun ní ìwé ìlànà tí ó kà á léèwọ̀ láti ṣe obìnrin, ọmọdé àti ará ìlú tí kò dìhámọ́ra níbi. Ọbásanjọ́ àti Danjuma ja ogun náà. Àwọn tí ó rán sójà lọ sí Odi ní 1999 kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí.

Òfin àgbáyé náà kò dákẹ́. Àdéhùn Geneva ti 1949 lórí ará ìlú ní àkókò ogun, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, kọ ohun tí a lè pè ní ìyà àjẹpọ̀: a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn kò dá fìyà jẹ ẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn bóyá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Odi tó ogun tí àdéhùn yìí kàn. Àríyànjiyàn náà kò ran ìjọba lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe ogun, òfin tiwa fúnra wa ni ó kù, ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè sì ni ó kọ́kọ́ kà nínú àwọn ẹ̀tọ́ tí ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè.

Nísinsìnyí a padà sí ìbéèrè àwọn Ijaw, tí ó nira fún wa jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, àwọn tí a ní wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ OPC pa ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó wà ní Bárígà, ní Èkó. Ààrẹ tún kọ lẹ́tà, sí gómìnà Bọ́lá Tinúbú báyìí, ó tún fi ìjọba pàjáwìrì halẹ̀. Ṣáájú èyí, lẹ́yìn ìjà tí ó wáyé ní ọjà Máìlì 12 ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ó ti pàṣẹ kí ọlọ́pàá yìnbọn fún ọmọ OPC tí ó bá ta kò wọ́n. Àṣẹ líle ni, àwọn aláìṣẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí sójà tí ó wó Bárígà. Kò sí ẹni tí ó ní gbogbo Bárígà ni ó pa ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé ọlọ́pàá kan yàtọ̀ sí 12, tàbí pé Èkó tóbi jù láti sun. A kò rò pé àlàyé méjèèjì tó. Ìlú kékeré tí ó wà lórí epo rọ̀bì, tí ojú ayé kò tó, rọrùn láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ijaw nìkan, nítorí ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, nígbà tí a pa sójà 19 ní ìpínlẹ̀ Benue, àwọn sójà lọ sí Zaki Biam àti àwọn ìletò Tiv tí ó yí i ká, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200.

Ohun mìíràn wà tí kò lè ṣàì wá sọ́kàn ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa. Ọmọ Òwu ni Ọbásanjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà tí ó ti ọjà Àpòmù bẹ̀rẹ̀ ni ó di ogun tí ó pa Òwu run. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ìlú náà tẹ̀ dó mọ́. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù nínú wọn rìn títí wọ́n fi bá àwọn Ẹ̀gbá dó sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí a wó ilé wọn ní Òwu, mélòó nínú wọn ni ó wà ní Àpòmù lọ́jọ́ ìjà?

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò

Èdè wa kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá ẹni tí kì í ṣe ológun mu. A ní alágbádá, ṣùgbọ́n ìjọba ni a fi ń dárúkọ. Arúgbó Odi tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe alágbádá. Mẹ̀kúnnù ń sọ ti owó. Aláìṣẹ̀ ti dá ẹjọ́ tán. Ará ìlú ni ó sún mọ́ ọn jù, àléébù rẹ̀ sì ni pé agbébọn náà jẹ́ ará ìlú. Àbá tiwa ni pé kí a máa lo ará ìlú tí kò dìhámọ́ra, bí ó tilẹ̀ gùn, kí àwọn olùṣèdánwò sì gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ti ẹni tí ó gbé ìbọn, agbébọn sọ ohun tí ó mú lọ́wọ́ láìsọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì dára ju jàǹdùkú àti ajìjàgbara lọ nínú àyọkà tí a kò fẹ́ kí ó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni ẹ̀bi àti ìdáhùn. Ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ṣe é. Ẹni tí yóò dáhùn lè má fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt ní kí ìjọba àpapọ̀ san bílíọ̀nù ₦37.6 fún àwọn ará Odi: 17.6 fún ohun ìní tí ó ṣòfò, 20 fún ìrora wọn. Ní 2014, àwọn méjèèjì gbà láàárín ara wọn pé kí ó jẹ́ bílíọ̀nù ₦15. Ìjọba ni ó dáhùn. Kò sí sójà tàbí ọ̀gá sójà kan tí a gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí Odi. Ẹni tí ìjọba kà sí olórí àwọn tí ó pa ọlọ́pàá 12 náà, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ó sì kú sí àhámọ́ wọn kí a tó gbé e dé iwájú adájọ́. Bí ẹnìkan bá ti fún un ní ìbọn àkọ́kọ́, kò sí ibi tí a ti lè gbọ́ orúkọ ẹni náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.